Ọmọláńgidi Tí Ó Parọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Òkúdù, 2025

Wọ́n gbà mí. Ìwé ìpè náà dé sórí fóònù mi láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń fọ inú áńbúláǹsì wa ní iwájú ilé ìwòsàn Lálúpọn. Mo ní láti nu ọwọ́ mi gbẹ kí n tó tún un kà.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì kò kéré. Kí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ má tíì kọjá àkókò. Kí ó ti lo ọdún márùn-ún, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an, lójú títì àti nínú ọkọ̀, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Kí ó jókòó gba ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí ó yege nínú ìdánwò, kí ìgbìmọ̀ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó sì wá kọ́ kíláàsì mẹ́ta níṣojú olùkọ́ àgbà. N kò rí ọ̀kan nínú wọn tí ó bà mí lẹ́rù. Mo mọ iṣẹ́ yìí.

Ní gbogbo Lágelú, a kò ní ẹyọ olùkọ́ kan. Ẹni tí yóò kọ́ wa gbọ́dọ̀ ti ìgboro Ìbàdàn wá, kì í sì í wá mọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Alága àwọn ọlọ́kadà Lálúpọn ti ṣèlérí fún mi: bí mo bá gba ẹ̀tọ́ olùkọ́ kí oṣù Ògún tó parí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn yóò jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa bá a lọ láti fi ẹni tí ó fara pa há àárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, ní ìjókòó, tí ọrùn rẹ̀ yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún títí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Jìmí ọkọ mi ní kí n má tíì lọ ra aṣọ olùkọ́. Mo ní mo ti rà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀la ni Iléyá. Àgbò tí kò tó ewúrẹ́ ilé bàbá mi, wọ́n ń pè é ní igba ẹgbẹ̀rún náírà ó lé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó àgbò ṣubú lójú ọ̀nà Olódò. Nígbà tí a dé ibẹ̀, gbogbo àdúgbò ń lé àgbò kiri inú igbó, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì dá nìkan sùn sí etí gọ́tà. Bàbá kan ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi tútù lọ́wọ́, ó fẹ́ dà á lé e lórí. Mo gba kẹ́ẹ̀gì náà, mo bù ú mu, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Ojú ti bàbá náà láti gbà á padà. A di ọrùn ọmọkùnrin náà mú, a tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí pákó. Yóò yè. Ó ti ń béèrè pé àgbò mélòó ni wọ́n rí mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí ní Ajíbódé, ní yàrá ńlá kan tí wọ́n háyà lókè ilé onílé kan, láàárín àwọn yàrá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Akọ̀wé tí ó ń gba ìwé wa wo tèmi, ó ní, “Pólì?” bí ẹni tí ó rí irun nínú ọbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pólì ni, kí ó kọ ọ́ kí ó hàn ketekete.

Ọ̀gá wa ni Ọ̀gbẹ́ni Jonathan Akíntáyọ̀, tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá àwọn tí ìjàǹbá ṣe. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í gbé ohùn sókè. Ẹni tí ó jókòó tì mí ni Rùqáyyàh, agbẹ̀bí láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun ni ó sọ ọmọláńgidi ìkọ́ṣẹ́ wa ní Láńlọ́ọ̀dù, ó ní nítorí pé ó kàn nà gbalaja sílẹ̀ ni, gbogbo wa sì ń kúnlẹ̀ fún un.

Orí títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wọlé tó ínṣì méjì, ọmọláńgidi náà yóò dún: kọ́. Nígbà tí ó kàn mí, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ọwọ́ mi dúró. Rùqáyyàh bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti ìdájí. N kò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbi tí ojú mi yóò ti máa rí i.

Ní ọdún 2016, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, mo jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ kan tí ń kọ́ àwọn ará abúlé ní ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ẹrù, kí n tẹ́ ẹní, kí n máa ka iye bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń tẹ àyà. Òfin ẹgbẹ́ náà kò farasin: ẹni tí kò bá tíì gba ẹ̀tọ́ olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ dá kíláàsì kọ́.

Ní ọjọ́ tí a ní kíláàsì ní gbọ̀ngàn ìjọ Kérúbù ní Lálúpọn, ibà dá olùkọ́ wa dúró nílé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ènìyàn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń gbé ọmọláńgidi ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ náà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà, mo sì fẹ́ kí wọ́n pe èmi náà ní Olùkọ́ fún ọjọ́ kan péré. Nígbà tí a dé ibi tí àgbàrá ti gé ọ̀nà, okùn já, ọmọláńgidi ṣubú. Mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, n kò rí ibi tí ó ti fọ́. Ìgbà tí mo tẹ àyà rẹ̀ wò nínú gbọ̀ngàn ni mo mọ̀ pé sípíríǹgì inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ń dún kọ́ kí ọwọ́ tó wọlé rárá. Bí ọmọdé bá fi ìka kan kàn án, yóò dún.

Méjìlá ni wọ́n, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ pé ọmọláńgidi ti bàjẹ́, wọn yóò béèrè bí ó ṣe bàjẹ́, olùkọ́ wa yóò sì gbọ́ pé n kò dúró de òun. Mo ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ọwọ́ wọn kò wọlé ju bí ènìyàn ṣe ń ṣí ìlẹ̀kùn yàrá tí ọmọ sùn sí lọ, mo sì ń wò wọ́n, mo ń sọ pé, “Ó dára, ẹ ṣeun.”

Láti ìgbà náà wá, èmi ti tẹ àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọwọ́ tèmi sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dé. Tiwọn ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé ìró irọ́ náà kiri nínú ọwọ́ wọn, tí wọ́n rò pé ìmọ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Èsì ìdánwò jáde. Èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní. Rùqáyyàh gba ipò kejì, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ó wọ̀ mí lórí, òun ló jẹ́ kí n wo ìwé òun ní ìbéèrè keje. Irọ́ ni. Akọ̀wé tí ó ní “Pólì?” ni ó lẹ èsì náà mọ́ ògiri. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi lẹ̀ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó, Ọ̀gá Akíntáyọ̀ wà láàárín. Wọ́n bi mí bí n ó ṣe kọ́ ẹni tí kò mọ̀wé, bí n ó ṣe tọ́jú ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà, ohun tí n ó ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jiyàn pé omi tútù ni ó jí ìyá òun lọ́jọ́sí. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin tí ó wà lápá òsì béèrè bóyá mo ti kọ́ ẹnikẹ́ni rí láìní ẹ̀tọ́. Ó ti ń dé kálàmù rẹ̀ bí ó ṣe ń béèrè. Gbogbo ènìyàn ni ó ń dáhùn pé rárá.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ láti orí okùn tí ó já títí dé orí pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo parí, obìnrin náà tún ti ṣí kálàmù rẹ̀. Ó ní ní tòun, ọ̀rọ̀ náà tó láti dá mi padà sílé.

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ bi mí pé, “Mélòó nínú wọn ni o mọ ibi tí wọ́n wà?”

Mo ní mo mọ ibi tí díẹ̀ wà, mo lè wá àwọn tó kù.

“Nígbà náà, kíláàsì kẹta rẹ ni wọn yóò jẹ́. Àwọn gan-an. A kò lè fún ọ láyè láti kọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ọwọ́ àwọn tí o kọ́kọ́ kọ́ ṣì ń ṣìnà. O ó sì sọ ìdí tí o fi pè wọ́n. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.”

Mo béèrè bí ẹnìkan bá kọ̀ láti wá ńkọ́.

“O kò lè fi ipá mú un wá. Ṣùgbọ́n bí o kò bá sọ fún un, má wulẹ̀ pè mí sí kíláàsì náà.”

Bí mo ṣe ń jáde, Ọ̀gá béèrè bóyá mo san owó ọmọláńgidi náà. Mo ní rárá. Wọ́n ní kò burú, ẹsẹ̀ mi ni n ó fi san án báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Màmá Gbọ́njúbọ́lá, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo rò pé yóò rọrùn jù. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin tí ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà Lálúpọn. Èéfín kún ibẹ̀ débi pé omi ń dà lójú mi kí n tó sọ̀rọ̀, ó sì bá mi lára mu.

Mo ní ìlànà iṣẹ́ ti yí padà, pé à ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ padà láti tún un kọ́. Ó dùn-ún sọ. Ní iṣẹ́ tiwa, ìlànà a máa yí padà lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí í béèrè ìdí.

Wọ́n ń ro gàrí lọ, wọn kò gbójú sókè. “Ta ló yí i padà?”

Mo ní àwọn àgbà iṣẹ́ ni.

“Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ló ní kí o máa wolẹ̀ bí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì?”

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n sì mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo Lálúpọn ń pè mí nìyẹn. Mo jókòó sórí àpò gàrí, mo sọ òtítọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó gbé agbada kúrò lórí iná.

“Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí o kọ́ wa, n kò làágùn. Èmi Gbọ́njúbọ́lá, iṣẹ́ wo ni mo ṣe rí láyé mi tí n kò làágùn?”

Àwọn obìnrin tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ṣé àyà ọkọ òun ni òun yóò máa fi kọ́ ọ báyìí, Màmá ní ti ọkọ tirẹ̀ ti dákẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìgbà tí mo dìde ni wọ́n di apá mi mú, tí wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ti lọ sọ́dọ̀ Sanmí. Sanmí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó ìjókòó nínú ìjọ Kérúbù nígbà yẹn. Fọkanáísà ni, ó sì ti kó lọ sí Olódò. N kò mọ̀ pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àjàní, tí ó tọ́ ọ dàgbà, dákú lóko ẹ̀gẹ́, Sanmí sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ń kó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń tẹ àyà rẹ̀ láti oko títí dé ilé ìwòsàn. Wọ́n débẹ̀, ó ti kú. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé ìsìnkú, Sanmí dìde nínú ìjọ, ó ní òun ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ òun, kò sí èyí tí òun kò ṣe, nítorí náà òun gbà pé Olúwa ló pè é.

“Ìtùnú rẹ̀ nìyẹn,” ni Màmá Gbọ́njúbọ́lá wí. “Ohun tí ó ń mú un sùn nìyẹn.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù Agẹmọ

Mo ti rí gbogbo wọn tán, àyàfi Sanmí. Méjì ti kú. Ọ̀kan wà ní Kùtọnu. Mo sọ fún un lórí fóònù, ó ní òun yóò wá ẹni tí yóò tún un kọ́ òun níbẹ̀, ó sì ṣépè fún ọmọláńgidi náà ní èdè méjì. Àwọn tó kù yóò wá. Ọ̀kan nínú wọn kò dá ìkíni mi lóhùn, ṣùgbọ́n yóò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo dé ṣọ́ọ̀bù Sanmí ní Olódò. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó pè mí ní Anti Yínká, ó nu àga fún mi. Mo ní kí ó bá mi fún táyà mọ́tò Jìmí, tí mo wà wá, ní afẹ́fẹ́. Kò sí èyí tí ó nílò afẹ́fẹ́ nínú wọn. Ó wọ̀n wọ́n, ó ní wọ́n pé. Mo dúpẹ́, mo wa mọ́tò náà lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo kọ́ kíláàsì kejì mi lónìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, níṣojú Ọ̀gá, bí mo ṣe kọ́ ìkínní ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò ní dibọ́n: mo kọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin kan tí ó wá pẹ̀lú ìgbéraga pé òun ti ń gbé òkú àti alààyè láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kí a tó jẹun ọ̀sán.

Rùqáyyàh bá mi rìn dé ibùdókọ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Sanmí. Ó ní kí n sọ fún un pé ìlànà ti yí padà, kí ó wá tún un kọ́, kí ó sì máa sùn lọ. “Òkú kò lè jí, Yínká. Ta ni òtítọ́ yìí yóò ṣe láǹfààní, òun tàbí ìwọ?”

Nínú mọ́tò, mo rò ó títí mo fi dé Lálúpọn. Ohun tí ó sọ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti yan ohun tí Sanmí yóò mọ̀ àti èyí tí kò ní mọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan rí, nínú gbọ̀ngàn yẹn. N kò ní ẹ̀tọ́ láti tún un yàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti sọ ọ́.

Ó ń wọn táyà ọ̀kadà kan. Mo dúró kí oníbàárà rẹ̀ lọ, mo sì sọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí pé n kò fẹ́ jókòó sórí àga tí ó nù fún mi. Nígbà tí mo dé orí sípíríǹgì tí ó yẹ̀, ó ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó fẹ́ jẹun.

“Ṣé ì bá yè?”

“N kò mọ̀, Sanmí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yè bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ní àǹfààní láti tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ.”

Ó gbé géèjì tí ó fi ń wọn táyà, ó ń yí i lọ́wọ́. “Bí géèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, òkúta ni mo máa ń fi fọ́ ọ, kí ẹlòmíràn má baà mú un lò. Ẹ̀yin mọ̀ pé tiyín ń parọ́. Ẹ sì gbé e fún mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ máa lọ, Anti Yínká. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́.”

Mo sọ ọjọ́ àti ibi tí kíláàsì yóò ti wáyé. Ó ti kẹ́yìn sí mi. Kò sí iṣẹ́ kankan nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nínú ìjọ, a kọrin ìdáríjì. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Olúwa nìkan kọ́ ni mo jẹ ní gbèsè. Jìmí ra àgbàdo sísè lójú ọ̀nà. Ó ti ń wọ́n sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ nìyí. Ó bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Rárá. Mo kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe, n kò kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Méjèèjì yàtọ̀ síra, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí èkejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Ògún

Gbọ̀ngàn ìjọ Kérúbù kan náà. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀, wọ́n ti fi páànù tuntun bò ó. Orí itan mi nínú ọkọ̀ ni mo gbé Láńlọ́ọ̀dù lé títí mo fi dé ibẹ̀, bí ìyàwó tuntun. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé máàkì wọn lórí itan.

Àwọn mẹ́jọ wá. Kí n tó tẹ́ ẹní, mo dúró níwájú wọn, mo tún sọ ohun tí mo ti sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ pọ̀. Màmá Gbọ́njúbọ́lá ní, “A ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Gbé ọkọ wa síta.” Ìyẹn tú ọ̀rọ̀ ká. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà sì wọlé. Mo fi ọwọ́ lé ọwọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí wọ́n mọ bí ibi tí ó ti ń dún ṣe jìn tó, àti bí ó ti yẹ kí wọ́n jẹ́ kí àyà dìde padà kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́. Màmá làágùn. Wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ han gbogbo ènìyàn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ti ìlẹ̀kùn wọlé. Sanmí ni. Aṣọ iṣẹ́ ni ó wọ̀, ó ti rin gbingbin. Kò kí mi, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó kúnlẹ̀ ti Láńlọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò dún. Ó gbójú sókè sí mi.

Mo ní, “Jìn sí i.”

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó gbé gbogbo èjìká rẹ̀ lé e. Kọ́.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. “Ibí yìí ni?”

“Ibẹ̀ ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Màmá Gbọ́njúbọ́lá ń kà á fún un, ení, èjì, ẹ̀ta, àwọn tó kù sì gbè é títí ohùn wọn fi borí òjò lórí páànù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó dára ju ti gbogbo wọn lọ. Òfin wa ni pé bí ìṣẹ́jú méjì bá ti pé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí pé ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ kò ní wọlé tó mọ́. Olùkọ́ ni ó gbọ́dọ̀ rí sí i. Mo kúnlẹ̀ sí òdìkejì rẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi sókè láti gbà á.

Kò wò mí. Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí àyà ọmọláńgidi náà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ dé ilé ìwòsàn.”

Mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó dákẹ́ kíkà. Nígbà tí apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò dín in kù, ó ń dún síbẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Mo rí Ọ̀gá tí wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi kò wo aago.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró. Ó jókòó sórí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó mí.

“A ti dé,” ni ó wí.

Ó dìde. Nígbà tí ó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ó dàárọ̀, Anti Yínká,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni, ó sì bọ́ sínú òjò padà. Màmá Gbọ́njúbọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú, ọkọ wọn kò gbọ́dọ̀ kú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀tọ́ náà ti dé. Alága àwọn ọlọ́kadà ti mú ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀dàn tí ó wà ní gáréèjì, bí òjò bá gbà. Aṣọ olùkọ́ mi ti wà lórí ìkọ́ láti oṣù Òkúdù. Ó bá mi mu.

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fi àlàyé máàkì kíláàsì kẹta ránṣẹ́ sí mi. Ìmúra, ó pé. Àlàyé, ó pé. Títọ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, ó pé. Àbùkù kan ṣoṣo ni wọ́n rí: wọ́n ní mo gbàgbé láti pààrọ̀ ẹni tí ń tẹ àyà nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé.

N kò gbàgbé.